Bí ẹ ṣe máa ṣírò ọ̀nà bàlúù láti Ìlọrin dé Grand Forks, fún ẹni tó ń gbéra l'Ógbómọ̀ṣọ́

Tí ẹ bá bi íntánẹ́ẹ̀tì léèrè pé wákàtí mélòó ni bàlúù máa lò láti Ìlọrin dé Grand Forks ní Amẹ́ríkà, wẹ́ẹ́bùsáìtì kan máa sọ pé bíi wákàtí 12, òmíràn máa ní 13, ẹ ó wá rò pé ẹni tó bá wọ bàlúù láàárọ̀ máa ti débẹ̀ kílẹ̀ ó tó ṣú. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe irọ́, ìṣírò ẹ̀ pé, àmọ́ bàlúù tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an ni ò sí. Kò sí bàlúù tó ń gbéra n'Ílọrin tó ń lọ balẹ̀ sí Grand Forks láìdúró, kò sì jọ pé ó máa sí. Láàárín éápọ́ọ̀tù kékeré méjì tó jìnnà síra, ibi tí ẹ ti máa sọ̀kalẹ̀ wọ òmíràn àti iye wákàtí tí ẹ máa fi jókòó lórí àga ibẹ̀ ló ń pinnu ìrìnàjò, kìlómítà kàn wà níbẹ̀ ṣá ni.

Síbẹ̀ ẹ nílò nọ́ńbà méjèèjì. Kìlómítà tààrà ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ọ̀nà tí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ gbé yín gbà bójú mu àbí ó fẹ́ gbé yín yí ayé po. Mo mú Grand Forks torí pé University of North Dakota wà níbẹ̀, irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó ti LAUTECH jáde tí wọ́n ń wá sìkọ́láṣíìpù kiri. Ìlú kékeré ni, àwọn tó ń gbébẹ̀ ò tó 60,000, Ògbómọ̀ṣọ́ gbé e mì. Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín ni pé éápọ́ọ̀tù ẹ̀ ò sinmi rárá láti àárọ̀ dalẹ́, torí yunifásítì yẹn ń kọ́ èèyàn ní wíwa bàlúù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi bàlúù kéékèèké gbéra, wọ́n ń balẹ̀, wọ́n tún ń gbéra. Èyí tó ń gbé èrò lásán níbẹ̀ ò pọ̀. Ìlú yòówù kí tiyín jẹ́, ìṣírò kan náà ni, ẹ kàn máa pààrọ̀ nọ́ńbà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú éápọ́ọ̀tù tó tọ́

Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní éápọ́ọ̀tù tí èèyàn ti lè wọ bàlúù, ìlú Ọ̀yọ́ náà ò ní. Méjì ló sún mọ́ wa, ti Ìlọrin tí kóòdù ẹ̀ jẹ́ ILR, àti ti Ìbàdàn ní Alákìá tí kóòdù ẹ̀ jẹ́ IBA. Orúkọ ọmọ wa, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ni wọ́n fi sọ ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn lọ síbẹ̀, ti Ìlọrin ló sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ jù. Tí ẹyẹ bá fò tààrà láti Ògbómọ̀ṣọ́, kìlómítà 43 péré ni dé éápọ́ọ̀tù Ìlọrin, ti Alákìá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa ni éápọ́ọ̀tù yẹn tún wà ní Ìlọrin, kò di ìgbà tẹ́ ẹ bá la àárín ìlú kọjá. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ni kẹ́ ẹ mú Ìbàdàn, tiyín yí padà síbẹ̀, Alákìá ò tó kìlómítà 60 sí yín, Ìlọrin sì tó 90.

Ti òkè òkun ló wá ń dà èèyàn láàmú. Grand Forks tó wà ní North Dakota, GFK ni kóòdù ẹ̀. Àmọ́ bárékè àwọn ológun òfúrufú Amẹ́ríkà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú yẹn, orúkọ Grand Forks náà ló ń jẹ́, kóòdù tiẹ̀ ni RDR, ẹ ò lè balẹ̀ síbẹ̀ láéláé. Grand Forks míì tún wà ní Kánádà, ní British Columbia, níbi tí òkè pọ̀ sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má tẹ orúkọ ìlú, kóòdù lẹ́tà mẹ́ta ni kí wọ́n máa tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí kóòdù lẹ́tà mẹ́rin, bíi DNIL fún Ìlọrin tàbí KGFK fún Grand Forks, éápọ́ọ̀tù kan náà ni, àwọn tó ń wa bàlúù ló ń lo ìyẹn, tíkẹ́ẹ̀tì kì í lò ó.

Ìgbésẹ̀ 2: Nọ́ńbà tó ń júwe ibi tí éápọ́ọ̀tù wà

Ibi gbogbo láyé ló ní nọ́ńbà méjì. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà tó la àárín ayé, sókè ní àríwá tàbí sísàlẹ̀ ní gúúsù. Èkejì ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich kọjá ní London, bóyá sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ ṣí Google Maps lórí fóònù, ẹ wá éápọ́ọ̀tù náà, ẹ fi ìka tẹ orí ibi tí bàlúù ń gbà sáré kẹ́ ẹ má tètè gbé e kúrò, nọ́ńbà méjèèjì máa jáde. Ìlọrin máa fún yín ní nǹkan bíi 8.440 àti 4.494. Grand Forks máa fún yín ní 47.949 àti -97.176.

Ẹ wo àmì àyọkúrò tó wà níwájú 97 yẹn dáadáa. Ìwọ̀-oòrùn ló túmọ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀, ìṣírò yín ò ní bàjẹ́ lójú, á gbé nọ́ńbà tó jọ òótọ́ jáde, nǹkan bíi kìlómítà 9,510, ẹ ò sì ní fura, bẹ́ẹ̀ ibi tí ẹ ṣírò ẹ̀ yẹn, àárín Mòǹgólíà ni, níbi tí wọ́n ti ń da ẹṣin. Inú ìwé míì ẹ lè rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní ìwọ̀n, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá, bíi 8° 26′ 24″. Ẹ fi 60 pín 26, ẹ fi 3,600 pín 24, kẹ́ ẹ ro méjèèjì mọ́ 8, 8.44 náà ló máa padà jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìṣírò gan-an

Ẹni tí ò fẹ́ wàhálà, kó lọ sí wẹ́ẹ́bùsáìtì Great Circle Mapper, kó tẹ ILR-GFK, ó parí. Tàbí kó lo ibi tí wọ́n ti ń wọn ọ̀nà lórí Google Maps, kó mú ojú kan n'Ílọrin, kó sì mú ojú kejì lọ́hùn-ún. Ó dáa, àmọ́ èmi ò fẹ́ràn kéèyàn máa gba nọ́ńbà tí kò lè yẹ̀ wò, kalikulétọ̀ tí ọmọ yín fi ṣe WAEC sì tó iṣẹ́ yìí í ṣe. Ẹ rí i pé DEG ló wà lójú ẹ̀, tó bá jẹ́ RAD ló wà níbẹ̀ ẹ máa kàn máa rí isọkúsọ.

Ẹ kọ́kọ́ wá àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà kejì ti éápọ́ọ̀tù méjèèjì. Ìlọrin wà ní ìlà-oòrùn Greenwich, Grand Forks wà ní ìwọ̀-oòrùn ẹ̀, torí náà ẹ máa rò wọ́n pọ̀ ni: 4.494 + 97.176 = 101.67. Tó bá jẹ́ apá kan náà làwọn méjèèjì wà, ẹ ò bá yọ kékeré kúrò nínú ńlá.

Lẹ́yìn náà:

sin 8.44 × sin 47.949 = 0.10898
cos 8.44 × cos 47.949 × cos 101.67 = -0.13401
Ẹ ro méjèèjì pọ̀: -0.02503
Ẹ tẹ SHIFT, ẹ tẹ cos, ẹ kó -0.02503 sí i: 91.43
91.43 × 111.2 = 10,167

Kìlómítà 10,167 nìyẹn. 111.2 tẹ́ ẹ rí yẹn ò já bọ́ láti ọ̀run, àyíká ayé tó bíi kìlómítà 40,030, tẹ́ ẹ bá fi 360 pín in, ohun tó máa kàn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ayé ò rí roboto tán pátápátá, ó fẹ̀ díẹ̀ ní àárín, torí náà ti wẹ́ẹ́bùsáìtì lè fi kìlómítà mélòó kan yàtọ̀ sí tiyín, ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́.

Ẹni tó bá ń lo Excel lè da èyí sínú àpótí kan, kó máa pààrọ̀ nọ́ńbà bó bá ṣe wù ú:

=6371*ACOS(SIN(RADIANS(8.44))*SIN(RADIANS(47.949))+COS(RADIANS(8.44))*COS(RADIANS(47.949))*COS(RADIANS(-97.176-4.494)))

Tí wọ́n bá fi máìlì sọ ọ́ fún yín, ẹ fi 1.609 pín kìlómítà, ó máa jẹ́ bíi máìlì 6,319. Àwọn awabàlúù ní máìlì tiwọn tó gùn ju ti ilẹ̀ lọ, 1.852 lẹ máa fi pín in nígbà yẹn, ó ń lọ sí 5,490. Mo ti rí àwọn èèyàn tó ń bára wọn jiyàn lórí WhatsApp pé wẹ́ẹ́bùsáìtì kan ń purọ́, ọ̀kan ń ka máìlì ilẹ̀, èkejì ń ka ti òfúrufú, òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ.

Kí ló dé tí ìlà yẹn fi tẹ̀?

Ẹ máa rí i lórí máàpù pé ìlà tó wá láti Ìlọrin ò lọ tààrà, ó ń tẹ̀ sókè. Ẹni tí ò bá tíì rí i rí máa rò pé àṣìṣe ni. Máàpù ló tẹ́, ayé ò tẹ́. Tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá wà nítòsí yín tó ní àwòrán ayé roboto yẹn, ẹ fi òwú kan kan Nàìjíríà, ẹ fà á dé àríwá Amẹ́ríkà kó le dáadáa, ibi tí òwú yẹn bá gbà ló kúrú jù. Láti Ìlọrin ó máa kọjú sí àárín àríwá àti ìwọ̀-oòrùn, á gba aṣálẹ̀ Málì kọjá, á yọ sí òkun lẹ́bàá erékùṣù Canary, á wá la Òkun Àtìláńtíìkì dé gúúsù Newfoundland, á gba orí Quebec àti Ontario ní Kánádà kó tó sọ̀kalẹ̀ sí North Dakota látòkè. Ẹni tó ń lọ Amẹ́ríkà ni, ilẹ̀ Kánádà ló máa fi orí gbà jù!

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ sọ kìlómítà di wákàtí

Bàlúù ńlá tó ń la òkun máa ń sáré bíi kìlómítà 850 sí 900 ní wákàtí kan tó bá ti dé òkè. Èyí tó ní fáànù níwájú apá, irú ATR tí wọ́n máa ń lò lọ sáwọn éápọ́ọ̀tù kéékèèké, ń lọ sí 500. Torí náà ẹ fi 850 pín kìlómítà, kẹ́ ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún gígbéra àti bíbalẹ̀, torí bàlúù kì í sáré débi tó lè dé nígbà tó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀.

10,167 pín sí 850 jẹ́ 11.96. Ẹ jọ̀ọ́, 0.96 yẹn kì í ṣe ìṣẹ́jú 96 o, 0.96 × 60 ni, bíi ìṣẹ́jú 58. Wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 58, ẹ fi 30 kún un, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 28. Wẹ́ẹ́bùsáìtì tó bá lo 900 máa ní 11 àti ìṣẹ́jú 48. Èyí tó bá lo 805, tí í ṣe 500 máìlì, máa ní ó lé díẹ̀ ní 13. Ohun tó fà á tí wọ́n fi ń sọ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, iyàrá tí kálukú wọn kó sínú ẹ̀ ló yàtọ̀, kò sẹ́ni tó lọ wọ bàlúù náà wò.

Atẹ́gùn tún wà ńbẹ̀. Ní òkè lọ́hùn-ún, ní apá àríwá ayé, atẹ́gùn kan wà tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn pẹ̀lú agbára. Tẹ́ ẹ bá ń lọ Amẹ́ríkà ẹ máa doríkọ ọ́, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ó máa tì yín lẹ́yìn. Èkó sí Atlanta máa ń tó bíi wákàtí 12, àbọ̀ ẹ̀ máa ń tó bíi 11, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gé ọ̀nà sí wẹ́wẹ́, ibí ni iṣẹ́ wà

Ẹ gbàgbé 10,167 ná. Ẹ bi ara yín pé: ta ló ń gbé èrò wọ Grand Forks? Láti ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, torí éápọ́ọ̀tù tó kéré jù ni kì í fúnni láàyè púpọ̀. Delta ló ń gbé èrò láti Minneapolis wọ ibẹ̀. Minneapolis, MSP ni. Ta ló wá ń dé Minneapolis? Ọ̀pọ̀lọpọ̀. Èwo nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó? Delta kan náà ń fò láti Èkó lọ Atlanta, láti Atlanta sì ni Minneapolis. Ọ̀nà ti jáde nìyẹn, ẹ wá ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan bá a ṣe ṣe lókè:

Ìlọrin sí Èkó, kìlómítà 244, bíi ìṣẹ́jú 50.
Èkó sí Atlanta, kìlómítà 9,395, bíi wákàtí 12.
Atlanta sí Minneapolis, kìlómítà 1,460, bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40.
Minneapolis sí Grand Forks, kìlómítà 456, bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15.

Ẹ máa rí i pé àwọn kékeré gba àkókò ju bí mo ṣe ní kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ lọ. Àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ń ka ìgbà tí bàlúù bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí tó fi máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kejì, ó ka bó ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ mọ́ ọn, tí ọ̀nà bá sì ti kúrú, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀ tán.

Àròpọ̀ kìlómítà jẹ́ 11,555. Ó fi 1,388 lé ti tààrà. Ìyẹn ò burú rárá fún éápọ́ọ̀tù kékeré sí kékeré. Wákàtí inú òfúrufú jẹ́ 16 àti ìṣẹ́jú 45. Ẹ ò tíì ka dídúró o.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ Èkó díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìrìnàjò àwọn ará ilé wa ti máa ń forí ṣánpọ́n. Bàlúù tó ti Ìlọrin wá máa já yín sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọ bàlúù abẹ́lé n'Íkẹjà, ibi tí ẹ ti máa wọ ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ ilé míì, ẹ máa gbé ẹrù yín, ẹ máa wá mọ́tò débẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Ìlọrin sí Èkó náà sábà máa ń dá wà lọ́tọ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé tí bàlúù Ìlọrin bá pẹ́, tí ti Amẹ́ríkà bá ti lọ, kò kan ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè ẹ̀. Láti December títí dé February, ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run débi tí awabàlúù ò ní ríran, wọ́n á sún àkókò síwájú, nígbà míì wọ́n á fagi lé e pátápátá. Àsìkò òjò náà ní ti ẹ̀. Ní tèmi o, ẹni tó ní bàlúù òkè òkun lálẹ́, kó má fi ti Ìlọrin ọ̀sán ọjọ́ náà ṣe ohun tó gbọ́kàn lé nígbà ọyẹ́. Kó ti wọ Èkó lánàá, kó sùn sílé ẹbí. Tó bá sì fẹ́ gba títì láti Ògbómọ̀ṣọ́ gba Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, ó lé ní kìlómítà 200, ẹ mọ bí títì yẹn ṣe rí, mi ò ní sọ jù báyẹn lọ. Kó jáde ní ìdájí.

Ní Atlanta, ibẹ̀ lẹ ti máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa wo ìwé yín, kì í ṣe Grand Forks. Ẹ máa tò, ẹ máa gba ẹrù yín, ẹ máa kọjá níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ máa dá ẹrù padà fún wọn, ẹ tún máa gba ibi àyẹ̀wò ara kọjá. Àní kí wọ́n ti lẹ GFK mọ́ ẹrù yín láti Èkó, ẹ ṣì máa gbà á níbẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín ní wákàtí kan àtààbọ̀ níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló kéré jù lójú tèmi, pàápàá fún màmá tàbí bàbá àgbà tó ń lọ kí ọmọ, tí ẹsẹ̀ ò yá mọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Aago

Nàìjíríà kì í yí aago padà láéláé. Amẹ́ríkà ń yí i. Láti Sunday kejì nínú March títí di Sunday àkọ́kọ́ nínú November, Grand Forks fi wákàtí 6 wà lẹ́yìn wa, lẹ́yìn ìyẹn ó di 7. Minneapolis bá a dọ́gba. Atlanta sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú wákàtí kan, 5 nígbà ooru wọn, 6 nígbà òtútù.

Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tẹ́ ẹ wà nígbà náà ni. Ẹ má yọ aago gbígbéra kúrò nínú aago dídé bẹ́ẹ̀ lásán, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ẹ̀ di aago Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìnàjò January kan dánrawò, mo kàn mú aago wọ̀nyí àti ọjọ́ kan náà láti fi ṣàlàyé ni, ìmọ̀ràn tí mo fún yín nípa ọyẹ́ ṣì dúró, ẹ wo ti tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ kúrò l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní 11 àárọ̀ Wednesday. Bàlúù gbéra n'Ílọrin ní 2 ọ̀sán, ó balẹ̀ l'Ékòó ní 2:50. Ti Atlanta gbéra ní 11 alẹ́. Lẹ́yìn wákàtí 12, aago 11 àárọ̀ Thursday ti lù ní Nàìjíríà, àmọ́ ní Atlanta aago 5 ìdájí ló lù. Ẹ ṣe immigration, ẹ gbéra ní 9 àárọ̀, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40, 11:40 ni aago Atlanta máa sọ, ti Minneapolis máa sọ 10:40. Ẹ gbéra níbẹ̀ ní 1 ọ̀sán, ẹ balẹ̀ sí Grand Forks ní 2:15 ọ̀sán.

2:15 tọ̀hún, 9:15 alẹ́ Thursday ni nílé. Láti ìgbà tí bàlúù ti gbéra n'Ílọrin, wákàtí 31 àti ìṣẹ́jú 15. Láti ẹnu ọ̀nà yín l'Ógbómọ̀ṣọ́, 34 àti ìṣẹ́jú 15. Inú òfúrufú, 16 àti ìṣẹ́jú 45. Jíjókòó l'Ékòó, Atlanta àti Minneapolis, 14 àti ààbọ̀. Ẹ fi èyí wé wákàtí 12 tí wẹ́ẹ́bùsáìtì sọ, kẹ́ ẹ wá pe ọmọ yín kó mọ ìgbà tó máa wá gbé yín, kó sì gbé kóòtù tó nípọn dání, torí January ní North Dakota, yìnyín ló wà nílẹ̀, òtútù ẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́. Yìnyín náà lè dá bàlúù tó kẹ́yìn yẹn dúró ní Minneapolis, torí náà kó má gbéra nílé àfi tó bá ti rí i lórí fóònù pé bàlúù yín ti kúrò níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, aago máa sáré sí yín. Ẹ kúrò ní Atlanta ní 6 ìrọ̀lẹ́ nínú January, wákàtí 11, Èkó máa ti di 11 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmì +1 tẹ́ ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ohun tó ń sọ nìyẹn, ọjọ́ kejì, kì í ṣe owó tí wọ́n fi kún un.

Àwọn ọ̀nà míì tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò

Ẹ lè gba Amsterdam. KLM ń fò láti Èkó lọ síbẹ̀, láti Amsterdam sì ni bàlúù wà tó ń lọ tààrà sí Minneapolis. Kìlómítà ẹ̀ máa jẹ́ bíi 12,470 láti Ìlọrin dé Grand Forks, ó fi bíi 900 ju ti Atlanta lọ. Iye ìgbà tẹ́ ẹ máa sọ̀kalẹ̀ dọ́gba. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé ó pín òkun àti ilẹ̀ sí méjì, kò sí èyí tó tó wákàtí 12 nínú ẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń wú nínú bàlúù lè fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tó mú páálí Nàìjíríà dání nílò fíìsà kó tó lè dúró ní éápọ́ọ̀tù wọn lásán, àmọ́ ẹni tí fíìsà Amẹ́ríkà ẹ̀ ṣì wúlò, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú òfin yẹn. Ẹ tún béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, òfin fíìsà máa ń yí.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà yín tíkẹ́ẹ̀tì Winnipeg nítorí pé ó sún mọ́ Grand Forks lórí máàpù. Ó sún mọ́ ọn lóòótọ́, àmọ́ Kánádà ni, ẹ máa nílò fíìsà Kánádà, ẹ tún máa gba bọ́dà kọjá.

Fargo ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. FAR ni kóòdù ẹ̀, North Dakota náà ló wà, bíi kìlómítà 130 sí Grand Forks, títì kan ṣoṣo tó mọ́ ni, I-29, wákàtí kan àti díẹ̀ ni mọ́tò máa lò. Bàlúù tó ń wọ Fargo pọ̀ ju ti Grand Forks lọ, torí náà tẹ́ ẹ bá pàdánù ọ̀kan ní Minneapolis, òmíràn á tètè wà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ fi wá GFK àti FAR, kẹ́ ẹ ro wákàtí kan àtààbọ̀ àti owó ọkọ̀ mọ́ ti Fargo, kẹ́ ẹ wá wo èyí tó kéré jù nínú méjèèjì. Tí ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín bá ní mọ́tò, ti Fargo ni mo máa mú.